Owó Ìrànwọ́ fún Ìgboro: Ta Ni À Ń Pè ní 'Àdúgbò' ní Àgbàdo?

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ kì í ṣe tuntun létí ará Èkó. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti kúrò lórí àlééfà ní 1999 ni oríṣiríṣi àjọ, ti ilé àti ti òkè òkun, ti ń kó owó wá sí ìgboro pẹ̀lú ìlérí pé yóò tún ìlera, ibùgbé àti ọrọ̀-ajé àwọn mẹ̀kúnnù ṣe. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí ó fi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tí kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé ojúlé kan náà. Àgbàdo ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ni a ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Èrò tí a fẹ́ kí òǹkàwé dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tí a bá pè ní 'àdúgbò' nínú ìwé àdéhùn ni yóò jẹ àǹfààní owó náà. Ní Àgbàdo, onílé ni a sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ayálégbé ló pọ̀ jù.

Ohun tí àpò àdúgbò jẹ́

Àwọn Yorùbá ti mọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kí Òyìnbó tó dé. Fádípẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1970, sọ̀rọ̀ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀. Bascom náà kọ̀wé lórí èésú ní 1952. Nínú àáró, mo bá ọ ro oko rẹ lónìí, ìwọ náà yóò bá mi ro tèmi lọ́la. Nínú èésú, gbogbo wa ń dá iye kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o ní àkókò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù òde òní kò jìnnà sí èyí: iye tí ènìyàn bá fi pamọ́ ni a fi ń mọ iye tí a lè yá a. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ẹni tó bá dá ló ń kó. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò dá kò ní ohun tí yóò kó.

Owó ìrànwọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ kọ́ ni ẹni tó ń gbà á, ẹni tó sì gbà á kò ní san án padà. Nítorí náà, a nílò ẹnì kẹta tí yóò dúró láàárín àwọn méjèèjì, tí yóò pinnu ẹni tí owó náà tọ́ sí. Ẹnì kẹta yìí ni a ó máa pè ní àpò àdúgbò nínú iṣẹ́ yìí.

Ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni a ti dá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1914. Frederick Goff, agbẹjọ́rò kan tó di olórí báńkì, ló dá a sílẹ̀. Goff ṣàkíyèsí pé àwọn olówó máa ń kọ sínú ìwé ìhágún wọn pé ohun kan pàtó ni kí a máa fi owó àwọn ṣe títí ayé. Bó bá yá, ohun náà á kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n owó á ṣì wà ní títì pa, nítorí ẹni tó lè yí ọ̀rọ̀ náà padà ti kú. Ohun tí Goff dá lábàá ni pé kí a kó gbogbo owó bẹ́ẹ̀ sínú àpò kan, kí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú máa pinnu lọ́dọọdún ohun tó kan ìlú gbọ̀ngbọ̀n. A kì í ná ojú owó. Èrè orí rẹ̀ ni a ń ná. Èrò náà tàn kálẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Kenya dá irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ sílẹ̀ ní 1997.

Kò yẹ kí a rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1999, àwọn ará ìlú ṣe àpérò gbogbogbòò lórí ìṣẹ́ àti òṣì, pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ètò àkóso ìgboro ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tó di olóògbé ní 2022, ni ó ṣíwájú iṣẹ́ náà, Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà sì fi ọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ kan jáde láti ibẹ̀ tó ń wá owó lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìlú nílé àti lẹ́yìn odi, tó sì ń fi kọ́ni níṣẹ́, tó ń fi yá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó. Kí ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe? Ìdí pàtàkì kan ni pé Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ìlú tó ní ọba, tó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní London kò sì gbàgbé agboolé rẹ̀. Àgbàdo kò ní irú okùn ìbí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lónìí. Ọmọ Ọ̀ṣun, ọmọ Kwara, Ìgbò, Ẹ̀gùn àti Haúsá ló kún ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn Àwórì àti Ẹ̀gbá. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá sì fẹ́ fi owó ṣe ìdàgbàsókè, ìlú àwọn òbí wọn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí.

Àgbàdo àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀

Ẹnu ààlà ni Àgbàdo wà. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, apá kejì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 2003, ìjọba Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, wọ́n sì pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà; Àgbàdo/Òkè-Odò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti gbà wọ́n wọlé, wọ́n sì di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú ní 2004. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ náà ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, síbẹ̀ ó di 2007 kí owó náà tó jáde tán. Títí di òní, inú òfin orílẹ̀-èdè ni Alímọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ṣì wà.

Iye ènìyàn pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Ètò ìkànìyàn 2006 sọ pé ènìyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ka tiwọn, wọ́n ní 2,047,026 ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 769,312, èyí tó tó ìlú ńlá kan. Ẹni tó bá ń fi iye orí pín owó ìlera tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ní láti kọ́kọ́ yan èyí tí yóò gbàgbọ́.

Níwọ̀n bí ìjọba ti jìnnà báyìí, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tó yẹ kí ìjọba ṣe. Òfin Èkó ti 2008 fi ẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ló ń gba ọlọ́dẹ, tí wọ́n ń dá owó ra tiransifọ́mà, tí wọ́n ń da òkúta sí kòtò ojú títì. A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín wọn. Bí kò bá sí wọn, ọ̀pọ̀ òpópónà ní Alímọ̀ṣọ́ kò ní ṣeé gbà nígbà òjò. Ṣùgbọ́n nínú àṣà, ẹgbẹ́ àwọn onílé ni wọ́n jẹ́. Orí ilé ni a ń bu owó lé, onílé ni a ń pè sí ìpàdé, onílé ló sì ń dìbò yan alága. Ayálégbé ń san owó ọlọ́dẹ, ó ń san nínú owó tiransifọ́mà, ṣùgbọ́n ẹnu onílé tàbí aṣojú rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ohun tí a fi owó náà ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn onífúnni máa ń béèrè. Wọ́n á ní kí ẹgbẹ́ náà ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ó ní àkáǹtì báńkì pẹ̀lú àwọn tó ń fọwọ́ sí i. Wọ́n á ní kí ilẹ̀ tí a fẹ́ lò ní ìwé. Ọ̀pọ̀ á tún ní kí àdúgbò fi nǹkan kún un: nínú ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí fún Nàìjíríà ní 2008, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni àdúgbò ń mú wá. Gbogbo èyí ló bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ń ṣọ́ owó kí a má baà kó o jẹ. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ayálégbé lè ṣe. Onílé ló ní ẹgbẹ́, òun ló ní ìwé ilẹ̀, òun ló sì lè dá owó rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a kò tilẹ̀ fẹ́ ojúsàájú, ìwé ìbéèrè fún owó náà ti yan ẹni tí yóò gbà á.

Ohun tó ń tibẹ̀ jáde ni iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí: gọ́tà, kànga ẹlẹ́rọ, tiransifọ́mà, àti pátákó tí a kọ orúkọ onífúnni sí lára. (A kò tí ì rí ibi tí a ti gbé pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tí a bá san owó oògùn.) Iṣẹ́ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ilé di ọ̀wọ́n. Bí iná bá dúró, tí omi sì wà, onílé á fi kún owó ilé. Ẹni tí kò bá lè san án á kó ẹrù rẹ̀ kọjá ààlà lọ sí ìhà Ìjókò tàbí Ọ̀tà, ibi tí kò sí gọ́tà. Owó tí a torí mẹ̀kúnnù gbà á wá di ohun tó lé mẹ̀kúnnù kúrò. Láti oṣù kẹwàá 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láàárín Àgbàdo àti Òyìngbò, ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú, nítorí ibi tí rélùwéè tó já gaara bá dé, owó ilé kì í dúró sójú kan.

Ìlera: ibi tí a ti gba ọ̀nà mìíràn

A rí àpẹẹrẹ kan tí owó ìrànwọ́ kò gba ọ̀dọ̀ onílé. Ní 2007, owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètìlẹ́yìn fún ètò adójútòfò ìlera kan tí ilé-iṣẹ́ Hygeia ń bójú tó. Àwọn ìyálọ́jà àti ìdílé wọn ní Èkó wà lára àwọn tí ètò náà kọ́kọ́ kàn, àwọn àgbẹ̀ ní Kwara náà sì tẹ̀ lé e. Ìpín kékeré ni ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ń san lọ́dún. Owó ìrànwọ́ ló ń san ìyókù, wọ́n sì tún fi tún àwọn ilé ìwòsàn ṣe. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Kwara, ìwọ̀n òkè ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ní 10.41 ní agbègbè tí ètò náà wà, ó sì wálẹ̀ ní 5.24 ní agbègbè tí kò sí. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹgbẹ́ tí a gbà wọlé ní Èkó: ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni. A kì í bi ìyálọ́jà bóyá ó ní ilé kí ó tó pàtẹ. Ayálégbé àti onílé jọ wà nínú ìwé kan náà, wọ́n sì mọ ara wọn dáadáa débi pé wọn á mọ̀ bí ẹnì kan bá purọ́ pé òun ní ọmọ mẹ́sàn-án.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ọwọ́ òkèèrè ni owó náà wà. Ní 2016, ètò ti Kwara dáwọ́ dúró. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀ kò lè sọ fún iṣan ara rẹ̀ pé owó ti tán. Ìdí nìyí tí a fi ka òfin ètò ìlera Èkó ti 2015 sí ohun pàtàkì. Òun ló bí ètò Ìlera Èkó, ó sì ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà sì ń san ₦40,000. Òfin orílẹ̀-èdè ti 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n dandan kò di owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ata rodo. Iṣẹ́ tí àpò àdúgbò lè ṣe ní Àgbàdo nìyí: kí ó bá àwọn tí a kò kọ mọ́ aláìní san ₦ tó kù tí wọn kò lè san, ní pàtàkì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti aláboyún, lọ́dọọdún, láìdúró de onífúnni òkèèrè.

Ibùgbé: ẹ̀kọ́ Badia

Nínú ọ̀rọ̀ ilé ni àìdọ́gba onílé àti ayálégbé ti hàn jù. Láti 2006 sí 2013, ìjọba Èkó ná 200 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fún wọn ní àwìn lórí ètò kan tí àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án tí nǹkan kò rọgbọ fún wà lára rẹ̀: Agége, Ajégúnlẹ̀, Àmúkòkò, Badia, Ìwáyà, Màkókó, Ìlàjẹ, Bàrígà àti Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó pẹ̀lú Itire. Alímọ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 2013, nígbà tí ètò náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba kan náà wó apá kan Badia. Ó kéré tán, ìdílé 2,237 ni Amnesty International sọ pé ó kàn.

Lẹ́yìn tí àwọn ará Badia fẹjọ́ sùn, a ṣètò owó ìtùnú fún wọn. Ẹni tó ní ilé ńlá gba owó tó lé ní ₦300,000. Ayálégbé gba nǹkan bí ₦90,000. Ẹnì kan lè sọ pé èyí tọ́, torí pé onílé ló pàdánù ilé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ayálégbé pàdánù ibi tí ó ń sùn, ibi tí ó ń tajà, àti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, owó yẹn kò sì tó san àsansílẹ̀ ilé àti owó ejẹ́ńtì ní ọ̀pọ̀ ibi.

Òfin wà. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó tó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àgbègbè olówó díẹ̀ nìkan ni a sì yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbàdo kò sí lára wọn. Ẹni tó bá ti wá ilé ní Èkó mọ bí a ṣe ń pa òfin náà mọ́.

Ní Boston, àdúgbò Dudley Street fi ọ̀nà kan hàn wá. Ní 1984, àjọ onífúnni kan tó ń jẹ́ Riley fẹ́ fi owó tún àdúgbò náà ṣe. Àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn Látínò àti àwọn tó wá láti Cape Verde ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a gbé ìgbìmọ̀ tí yóò ná owó náà ka iwájú wọn, wọ́n rí i pé àga díẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, wọ́n sì kọ̀ ọ́ níṣojú àwọn onífúnni. Àwọn onífúnni kò bínú gbówó lọ. A tún ìgbìmọ̀ náà tò kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lè pọ̀ jù, a sì pín àga dọ́gba fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ní 1988, ìlú Boston fún wọn ní agbára láti gba ilẹ̀ tó ṣófo. Wọ́n fi ilẹ̀ náà sábẹ́ àjọ kan tí kì í tà á: ènìyàn lè ní ilé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ta ilé náà, iye tó ní òdiwọ̀n ni yóò tà á. Nítorí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe àdúgbò kò lé àwọn tó ti ń jìyà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ọrọ̀-ajé àti owó tí ń yọ́

Lórí ọrọ̀-ajé a kò ní pẹ́ púpọ̀. Ìjọba Èkó dá àjọ LSETF sílẹ̀ ní 2016, wọ́n sì ṣèlérí ₦25 bílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àwìn ni ó ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tó dínwó púpọ̀ sí ti báńkì nígbà náà. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ni a ń béèrè, ẹni tó sì ń kó láti yàrá kan sí òmíràn lọ́dọọdún kì í tètè rí onígbọ̀wọ́.

Ìṣòro tó le jù ni ti owó náà fúnra rẹ̀. Ètò Goff dá lórí pé a kì í ná ojú owó. Ní Nàìjíríà, ní oṣù kejìlá 2024, ìwọ̀n tí ọjà fi gbówó lórí jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí àpò kan bá fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà sí báńkì, tí èlé rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ojú owó ti dín kù bí a kò tilẹ̀ ná kọ́bọ̀. Nítorí náà, a kò gbà pé àkáǹtì báńkì ni ó yẹ kí àpò àdúgbò ní Àgbàdo gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí owó rẹ̀ ń gòkè pẹ̀lú ọjà ni kí ó ní: ṣọ́ọ̀bù mélòó kan létí ọjà, gbọ̀ngàn tí a ń yá fún ìnáwó, tàbí ilé kan tí a ń gbà owó yàrá rẹ̀. Owó ilé tó ń fa omijé ayálégbé lè di owó oògùn rẹ̀, bí àpò bá jẹ́ onílé.

Bí a bá wá fẹ́ dá irú àpò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ohun méjì ni a dámọ̀ràn pé kí ó wà nínú òfin rẹ̀. Èkíní, kí ìdajì àga ìgbìmọ̀ jẹ́ ti ayálégbé. Èkejì, onílé tí a bá fi owó àpò tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí òrùlé rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun kò ní fi kún owó ilé fún ọdún mélòó kan, kí ẹ̀dà ìwé náà sì wà lọ́wọ́ ayálégbé rẹ̀.

Àwọn kan á ní ayálégbé kì í dúró, wọ́n á béèrè pé báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tí a ó yàn. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ìwé ẹgbẹ́ onílé kò ní orúkọ wọn. Ìwé kan wà tó ní in. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, ní ọjọ́ àjẹsára, ìyá tó bí ọmọ sí ilé tirẹ̀ àti ìyá tó ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni. Nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ ọmọ àti àdírẹ́sì òbí sínú ìwé ńlá kan náà, kò sì béèrè ẹni tó ni ilé. Láti ojú ewé ìwé yẹn ni a lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúgbò.